Ọkọ̀ Tí Bàbá Olóbì Fẹ́ Tà Fún Mi

Òórùn obì ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti dé gáráàjì Ifo nígbà náà, kí n tó tilẹ̀ fojú rí i. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ọ̀dọ̀ ibùdó rélùwéè fẹ́ wá, á gbé òórùn ewé tútù tí wọ́n fi wé obì, òórùn àpò tí òjò ti pa, àti ti epo bẹntiróòlù pọ̀ wá sí wa nímú. Ìwọ náà rántí pé kò tíì sí títì ńlá tó gba Mowe àti Ibafo kọjá láyé ìgbà yẹn. Abúlé oko ni wọ́n, ọ̀nà erùpẹ̀ la sì ń gbà débẹ̀ lọ kó gaàrí àti ìrẹsì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni. Mo ń wa ọkọ̀ akẹ́rù onípákó kan tí kì í ṣe tèmi. Bàbá kan tó ń fi obì ránṣẹ́ sí òkè ọya ló ni ín. Háyà ni mo gbà á: bí ọ̀sẹ̀ bá parí, màá gbé owó háyà fún bàbá, ohun tó bá kù á di tèmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá olóbì pè mí sí ìsọ̀ rẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń fọwọ́ tẹ obì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí kò gba ojú rẹ̀ gbọ́ mọ́. Kò wò mí nígbà tó sọ̀rọ̀.

“Dẹ́rẹ́bà, ra ọkọ̀ yìí lọ́wọ́ mi. Díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa san án.”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n kí n tó dìde nílẹ̀ ni ara ti ń fu mí. Ọkọ̀ tó ń mówó wọlé fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ló dé tó fi fẹ́ tà á? Nígbà tí mo sọ ọ́ fáwọn ẹgbẹ́ mi nídìí àkàrà, ọ̀rọ̀ náà pín wa sí méjì. Àwọn kan ní háyà ló dáa, pé bí ọkọ̀ bá dẹnu kọlẹ̀, ẹ̀fọ́rí olówó rẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ní ẹni tó ń wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ títí tó fi hewú, ayálégbé ni lórí àga tó jókòó sí. Àgbà awakọ̀ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ló wá nu ẹnu rẹ̀, tó ní, “Ẹni tí adìyẹ rẹ̀ ń yé kì í gbé e lọ sọ́jà. Lọ wádìí.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún mi lọ́kàn jù.

Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó tú u, ó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ó ní ara rẹ̀ le koko. Ìyẹn gan-an ló tún wá dá kún ìfura mi. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ti ń fọ̀ ọ́, ọ̀dà ṣí kúrò lára pákó tó wà lókè orí àga awakọ̀. Mo fi ìṣó ha á síwájú sí i, lẹ́tà pupa àtijọ́ bá yọ lábẹ́ rẹ̀: SÙÚRÙ LÓ GBÀ. Ẹnìkan ti ni ọkọ̀ yìí rí kó tó kàn mí, ẹnìkan sì ti fi ọ̀dà bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Obìnrin kan wà ní Ibafo tó máa ń di gaàrí rẹ̀ sínú ọkọ̀ mi, ṣùgbọ́n tí kì í wọ̀ ọ́. Bí ó ti wù kí oòrùn mú tó, ẹsẹ̀ ló máa ń fi rìn. Mo ti rò pé èébì ló ń gbé e. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo sọ̀ kalẹ̀, mo bi í léèrè ohun tó wà láàárín òun àti ọkọ̀ yìí. Ó wo pákó tí mo ha, ojú rẹ̀ yí padà.

“Ọkọ mi ló ni ọkọ̀ yìí,” ló wí.

Ó ní ọ̀dọ̀ bàbá olóbì ni ọkọ òun ti ń rà á díẹ̀díẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó san án tán ni àìsàn gbé e dè. Kò pẹ́ tó kú ni wọ́n wá gbé ọkọ̀ lọ, kò sì síwèé kankan tí òun lè fi hàn.

Mi ò lè ròyìn bí inú mi ti rí fún ọ. Gbogbo ọ̀nà tí mo fi padà sí Ifo, mo ń wo ara mi bí ẹran kejì tí wọ́n ń fi koríko tàn wọlé. Mi ò tíì já ẹrù tí mo fi lọ bá bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀ o, nítorí àgbà ni, ṣùgbọ́n ohùn mi ò dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ ti ta ọkọ̀ yìí rí.”

Kò bínú. Ó ní, “Mo tà á. Nígbà tí olóògbé kú, mo dá gbogbo ohun tó ti san padà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, níṣojú lémọ́ọ̀mù.”

“Opó ò rí nǹkan kan.”

Bàbá ní, “Ká jọ lọ lọ́la, lẹ́yìn tí mo bá ti kírun àárọ̀.”

Bó ṣe tètè gbà láti lọ yẹn tún fu mí lára. Àbí ó ti ránṣẹ́ ṣáájú ni? Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú, ó ń ka tẹ̀súbáà, èmi náà ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó ní gbogbo kòtò tí a bá bọ́ sí. Mo ń ṣọ́ ọ bí ẹni tó gbé olè.

A bá opó náà nílé. Wọ́n ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n olóògbé. Ilé rẹ̀ kò jìnnà, òun nìkan ló sì fi páànù bolé ní gbogbo àgbègbè náà. Páànù tuntun yẹn ń kọ mànà. Bàbá bi í léèrè níwájú gbogbo wa: “Kí ni mo gbé lé ọ lọ́wọ́ níṣojú lémọ́ọ̀mù?” Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ó ní, “Obìnrin kì í jogún ọkọ̀.”

Ojú gbogbo wa lọ sórí páànù tuntun rẹ̀. Obìnrin náà kò sunkún. Ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá, ó ní, “Ẹ forí jì mí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbé yín ṣépè.”

Bàbá fà á dìde. “Èmi náà jẹ̀bi. Kò yẹ kí n gbé e fún wọn láìpè ọ́.”

Àwọn àgbà ilé ló parí rẹ̀. Wọ́n gba ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ ńlá kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yìí fún opó àtàwọn ọmọ rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó tó ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ náà, obìnrin náà wọ ọkọ̀ wa dé Mowe, ó jókòó sórí àpò gaàrí rẹ̀.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ tán ni mo tó lè bi bàbá léèrè ìdí tó fi fẹ́ ta ọkọ̀. Ó ní ojú òun ti ń ṣú, òun kò ní lè máa yẹ ọkọ̀ wò mọ́. “Ẹni tó gba háyà kì í fetí sí ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó ni ín. Ìwọ nìkan lo máa ń tún nǹkan kéékèèké ṣe láìwá gbowó lọ́wọ́ mi.” Ojú tì mí débi pé mo kọjú sọ́nà.

Mo ra ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n mo mú bàbá, ìyàwó mi àti àbúrò mi ọkùnrin lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé tó ń bá aráàlú kọ lẹ́tà. Mo ní kí ó kọ ọ́ síwèé pé bí mo bá kú lọ́nà Èkó, ìyàwó mi ni kí wọ́n pè kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i. Àwọn ẹgbẹ́ mi fi mí ṣẹ̀sín fún oṣù mélòó kan, wọ́n ní ìyàwó mi ti di ọ̀gá mi.

Títí di òní, bí àwọn awakọ̀ bá bi mí bóyá kí wọ́n gba háyà ni àbí kí wọ́n ra tiwọn, mi kì í tètè fèsì. Ìfura mi ọjọ́sí kò burú, ẹni tí mo dojú rẹ̀ kọ ni mo ṣì mú. Ẹni tó ń tà fún mi ni mo ń ṣọ́, mi ò rántí pé inú ilé ni wọ́n ti ń gba ogún mọ́ opó lọ́wọ́. Nítorí náà mo máa ń bi wọ́n padà pé: bí wọ́n bá gbé òkú rẹ dé lọ́la, ṣé ìyàwó rẹ lè tọ́ka sí ọkọ̀ yẹn láàárín agbo ẹbí, kí ó ní tiwa nìyí, kí ẹnikẹ́ni má sì lè já a nírọ́? Bí kò bá lè ṣe é, o kò tíì ra ọkọ̀. Háyà lo ṣì gbà.