Bí A Ṣe Ń Dá Aṣọ Padà ní Ṣọ́ọ̀bù Màámi

Òórùn aṣọ tuntun lábẹ́ áyọ́ọ̀nù gbígbóná ló máa ń gbé mi padà sí Ìta Fàájì. Kí a tó jáde lọ sí iléèwé láàárọ̀, yàrá iwájú ilé wa á ti kún fún ooru èédú àti ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ. Ibẹ̀ ni Màámi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ti ń rán yunifọ́ọ̀mù fún iléèwé ńlá kan.

Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ọmọdé kì í tọ́ka sí àṣìṣe àgbà. Àǹtí Sìdí ni àgbà àwọn ọmọ iṣẹ́. Wọ́n mọ iṣẹ́, àmọ́ ojú wọn le. Bí wọ́n bá rán apá aṣọ kan gùn ju èkejì lọ, ẹni tó rí i á gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Báyìí ni iléèwé náà ṣe dá odindi ẹrù kan padà, tí wọ́n ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, àwọn á wá aránṣọ mìíràn. Iṣẹ́ yẹn ló sì ń bọ́ wa.

Màámi bá ṣòfin: kí aṣọ tó jáde, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ìbáà ṣe èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè," ni wọ́n wí. Síbẹ̀, gbogbo aṣọ tí a yẹ̀ wò ló ń "dára". Ojú àgbà là ń wò, a kò wo aṣọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí àpò tí wọ́n rán ẹnu rẹ̀ pa. Iṣẹ́ ọwọ́ Màámi gan-an ni. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé aṣọ náà fún wọn.

"Màámi, ẹ má bínú. Aṣọ yìí ní kí n kí yín."

Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Màámi ti ìka bọ àpò náà, kò wọlé. Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín.

"Bá mi kí i padà. Gbé sísọ́ọ̀sì wá."

Ojú gbogbo wa ni wọ́n ti tú u. Láti ìgbà náà, bí a ṣe ń dá aṣọ padà nìyẹn. Nígbà tí ìkíni kan Àǹtí Sìdí, wọ́n pòṣé, ṣùgbọ́n wọ́n tú u. Iléèwé náà kò fi wá sílẹ̀.

Lónìí, èmi náà ni wọ́n fi ṣe alábòójútó ìdára iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Àmọ́ bí òṣìṣẹ́ tó kéré sí mi bá dá iṣẹ́ mi padà, ẹnu mi á dúpẹ́, ojú mi á kọ́kọ́ le ná. Mo sì ti dàgbà ju Màámi ìgbà yẹn lọ. Èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó kúnlẹ̀ níwájú wọn rò pé ẹ̀rín yẹn rọ̀ wọ́n lọ́rùn.