Àga Òsì Nínú Sítúdébékà Bàbá Mi

Aago méje àbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1986, ni bàbá mi ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ ní apá òsì, ó fi ọwọ́ nu àga, ó sì ní kí n jókòó síbẹ̀. Àtìgbà náà ni mo ti di ojú ọkọ̀ yẹn. Aago náà dá mi lójú nítorí pé rédíò ń ka ìròyìn àárọ̀ lọ́wọ́ nínú ilé, mo sì ń fetí sí i bóyá wọn á sọ pé ìjọba ti ń gba àwọn tó jáde ní yunifásítì síṣẹ́ padà. Wọn kò sọ ọ́. Ọkàn mi bàjẹ́ díẹ̀. Ọkàn mi máa ń bàjẹ́ díẹ̀ láràárọ̀ nígbà náà, mo sì ti ń kà á mọ́ ara ohun tí ènìyàn ń ṣe bó bá jí, bíi kó fọ ẹnu.

"Bàbá, ibí yìí kọ́ ni Màámi máa ń jókòó sí?"

"Ibẹ̀ náà ni. Ìyá rẹ ní òun ti fẹ̀yìn tì."

Màámi ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ó ká ọwọ́ lé itan. "Mo ti fẹ̀yìn tì," ló wí, "ẹ kò sì fún mi ní owó ìfẹ̀yìntì."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí ojú ọkọ̀ jẹ́, nítorí mo rò pé ilé wa nìkan ló ṣì ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Sítúdébékà ni ọkọ̀ bàbá mi, ọkọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọn kò ṣe mọ́. Imú rẹ̀ yọ síwájú ní ṣóńṣó bí imú ọkọ̀ òfurufú, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọdé àdúgbò wa ní Ìlobù fi ń pè é ní Bàálù-Kò-Fò. Kùmásì ni bàbá mi ti rà á lọ́wọ́ oníṣòwò kòkó kan, nígbà tí Màámi ṣì ń pọ̀n mí. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Gánà nígbà náà, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Nàìjíríà, nítorí náà apá ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà. Nígbà tí Gánà ní kí àwọn àlejò máa lọ sílé wọn ní 1969, inú rẹ̀ ni wọ́n kó gbogbo wa sí. Mo jókòó lórí ìdì aṣọ, orí mi ń kan òrùlé ọkọ̀ títí a fi la Tógò àti Dàhómì já. Ilé tí bàbá mi kọ́ sí Kùmásì kò ṣe é dì sí búùtù. Ọkọ̀ nìkan ló bá a délé.

Kò ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí ìjọba Nàìjíríà ní kí gbogbo ọkọ̀ fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Ọ̀nà yí padà, sítíárì bàbá mi kò yí. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni bàbá mi ń jókòó sí wakọ̀. Bó bá wà lẹ́yìn lọ́rì, ẹ̀yìn lọ́rì nìkan ló ń rí. Kó tó lè rí ohun tó ń bọ̀ níwájú, àfi kó kọ́kọ́ ti imú ọkọ̀ yọ sí àárín títì, ìyẹn sì ni ohun tí ẹnì kan kì í ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó wà lórí àga òsì ló ń bá a wò ó. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, a ní "Ó ń bọ̀." Bí kò bá sí nǹkan kan, a ní "Ọ̀nà mọ́." Ọ̀rọ̀ yìí ni Màámi ti ń sọ láti ìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, títí ohun funfun kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú rẹ̀, tí lọ́rì àti igi fi di nǹkan kan náà lójú rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà tí bàbá mi ń jókòó sí ní àǹfààní tirẹ̀ o. Kò sí dírẹ́bà mìíràn tó sún mọ́ àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn tó bẹ́ẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ ń kan èjìká wọn. Bàbá mi kì í sì í kọjá lára ènìyàn láì kí i, bẹ́ẹ̀ ni kì í kí ènìyàn ní ìdajì. Láti Ìlobù dé Ìfọ́n-Ọ̀ṣun kò jìnnà, ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá ń wakọ̀ lọ, ó ń jìnnà.

Ìfọ́n là ń lọ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. A fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ìlú nígbà tí a bá lọ́rì kan tó kó igi ìdáná, tó ń rọra wọ́ lọ. Bàbá mi sún díẹ̀ sí àárín títì, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Àsìkò yẹn gan-an ni bàbá àgbẹ̀ kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rí i.

"Bàbá Kùmásì! Ẹ kú àárọ̀ o!"

"Ẹ kú àárọ̀, sà! Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"A dúpẹ́. Ilé ńkọ́?"

"Ilé wà. Oko ńkọ́?"

"Oko ń bẹ. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Mo ti rí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ níwájú láti ìgbà tí wọ́n ti wà lórí "Ilé ńkọ́?" Ẹnu mi ti là. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà méjì ló ń kí ara wọn, wọ́n sì ti tọ́ mi láti kékeré pé a kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu, pàápàá tó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ ni wọ́n ń béèrè, tí èmi fúnra mi sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà. Mo ń dúró kí bàbá mi dáhùn pé a wà. Ohun tó wà lọ́kàn mi kì í ṣe ẹ̀rù ọkọ̀ nìkan, ẹ̀rù àìmọ̀wàáhù náà wà níbẹ̀, n kò sì lè sọ èyí tó pọ̀ jù.

"Ó ń bọ̀!"

Màámi ló pariwo láti ẹ̀yìn. Kò rí i. Etí ló fi gbọ́ ọ.

Bàbá mi gé sítíárì sọ́tùn-ún. Akẹ́rù náà fọn fèrè kọjá lára wa. Ọkọ̀ wa bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó gun orí láfún tí wọ́n sá, ó sì dúró síbẹ̀ nínú eruku funfun.

"Yéè! Bàálù já lu láfún mi!" Obìnrin kan jáde láti ilé tó wà níwájú, ó so gèlè mọ́dìí. "Ta ni dírẹ́bà yín?"

Bàbá mi ti sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà. "Èmi ni, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ẹ̀yin? Lápá ibi tí èrò ń jókòó sí gba afẹ́fẹ́?" Ó wo bàbá mi, ó wo sítíárì, ó tún wò mí. "Ará ibo ni yín gan-an?"

"Ìlobù ni wá."

"Mo ti mọ̀! Ẹ ti ń pariwo tipẹ́ pé ilẹ̀ ibí tiyín ni. Ṣé ó ti wá kan láfún?"

Àwọn tó ti péjọ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. "Láfún tiyín ni, ìyá," ló wí. "Ti ilẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún àwọn tó jù wá lọ."

Mo kúnlẹ̀, mo ń ṣa láfún tó fọ́n ká. Obìnrin náà ní kí n dìde, pé aṣọ mi dára ju ohun tí mò ń fi í ṣe lọ. Bàbá mi ra èyí tí táyà tẹ̀ mọ́lẹ̀. A jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, iyanrìn sì ń rún lẹ́nu wa.

Lójú ọ̀nà ilé, Màámi tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ kan èjìká mi. "Ẹ̀kọ́ ilé tí mo kọ́ ẹ, kì í ṣe orí àga yẹn ni mo ní kí o ti lò ó. Bí mo bá ń dúró kí bàbá yín kí ènìyàn tán, ṣé wọn ì bá bá wa láyé?"

"Kì í ṣe pé mò ń kí wọn pẹ́," ni bàbá mi wí.

"Ẹ kì í kí wọn pẹ́. Ẹ kàn máa ń béèrè ewúrẹ́ wọn."

Mo kọ́ ọ. Ó gbà mí ní àkókò kí n tó lè sọ pé "Ó ń bọ̀" sáàárín "Ṣé ara le?" láì jẹ́ kí ojú tì mí. Nígbà tó yá, àwọn tí bàbá mi ń kí gan-an mọ̀ mí, wọ́n á dákẹ́ kí n sọ tèmi, wọ́n á sì máa bá ìkíni lọ.

Mo ti kà nípa ọkọ̀ náà nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Mo rí i nínú ìwé kan pé àwọn arákùnrin tí iṣẹ́ wọn jẹ́ alágbẹ̀dẹ ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, pé kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, àti pé ọ̀kan nínú wọn lọ ń ṣe bárò fún àwọn tó ń wa góòlù. Ìyẹn dùn mọ́ bàbá mi nínú púpọ̀ nígbà tí mo sọ fún un, nítorí ilẹ̀ góòlù ni òun náà ti rà á. N kò sọ ìyókù fún un lọ́jọ́ náà, pé ilé iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé kí àwa tó kúrò ní Gánà. Mẹkáníìkì ti Ìfọ́n ló wá sọ ọ́.

"Bàbá, ẹni tó bí ọkọ̀ yìí ti kú tipẹ́. Ọmọ ló ń rìn kiri."

"Ọmọ la fi ń mọ̀ pé ẹnì kan ti wà láyé," ni bàbá mi dá a lóhùn.

Kò sí ẹ̀yà rẹ̀ lọ́jà mọ́. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta ni mẹkáníìkì gé fi sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Iná ẹ̀yìn kan jẹ́ ti alùpùpù. Síbẹ̀, ohun kan wà tí n kò rí lára ọkọ̀ mìíràn: bí a bá dúró lórí òkè, tí bàbá mi bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, tó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí búrẹ́ẹ̀kì, ọkọ̀ náà kì í yí padà sẹ́yìn. Á dúró gbọin. Àwọn ọkọ̀ tuntun á máa yọ̀ sẹ́yìn lórí òkè tó wà lọ́nà Òṣogbo, tiwa á dúró. Nígbà tí ọkàn mi kò bá balẹ̀ nípa iṣẹ́, mo máa ń dúró de òkè yẹn.

Òṣogbo ni dókítà ojú wà. Oṣooṣù la ń gbé Màámi lọ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì ti ní yóò ṣì pẹ́ kí ó tó kàn án. Mo ti sọ pé kí a máa wọ takisí. Bàbá mi ní ọkọ̀ tí òun fi gbé e kúrò ní Kùmásì ni òun yóò fi gbé e lọ gba ojú rẹ̀ padà. Mẹkáníìkì ní òun lè gbé sítíárì bọ́ sápá òsì, pé òun ti ṣe é fún àwọn mìíràn rí. Bàbá mi rò ó títí.

"Bí o bá gbé e lọ síbẹ̀, níbo ni ìyá wọn yóò wá jókòó sí bí ojú rẹ̀ bá là?"

"Lápá ọ̀tún, sà."

"Kí ló fẹ́ máa wò níbẹ̀? Gọ́tà?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, ó dàbí ẹni pé àga tí mo jókòó sí ṣì gbóná láti ara ẹlòmíràn. Mo mọ̀ pé adelé ni mí.

Lóṣù tó kọjá ni iṣẹ́ dé: olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Sókótó. Ohun tí mo ti ń fetí sí rédíò fún nìyẹn. Inú mi dùn fún bíi wákàtí kan, lẹ́yìn náà ni mo rántí àga òsì. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi wà ní Èkó àti Ìlọrin, n kò sì ní àbúrò. Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa sọ pé "Ó ń bọ̀"? Bí n kò bá lọ, ta ni yóò tún fún mi níṣẹ́ láyé tí a wà yìí?

N kò sọ ìbéèrè kejì jáde lẹ́nu. Síbẹ̀, bàbá mi gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí a jọ lọ sí Ìfọ́n, ó sì ní kí n jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú Màámi. Àga òsì ṣófo. A kò tíì kúrò ní Ìlobù tán tí a fi bá kátakátá kan tó ń fa ẹrù iṣu. Bàbá mi tẹ̀ lé e. Ọ̀nà mọ́ gbọnrangandan, mo rí i láti ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé eyín mi, ṣùgbọ́n Màámi di ọwọ́ mi mú. Bàbá mi kò kọjá lára rẹ̀. A tẹ̀ lé kátakátá náà títí, alùpùpù ń kọjá, kẹ̀kẹ́ ń kọjá.

"Bàbá Kùmásì," ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wí láti orí kẹ̀kẹ́, "ṣé kí n dúró dè yín ní Ìfọ́n?"

"Bá mi kí wọn níbẹ̀," ni bàbá mi wí. "Bàbá rẹ ńkọ́? Ìyá ńkọ́?"

Nígbà tí a dúró, ó yíjú sí mi. "O rí i? A dé. Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ."

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Ìfọ́n nìyẹn. Lọ́nà Òṣogbo, àwọn lọ́rì kì í tẹ̀ lé kátakátá. Bí bàbá mi bá ń rọra lọ níwájú wọn, àwọn ni yóò máa kọjá lára rẹ̀. Màámi tí kò ríran ni yóò sì jókòó sórí àga òsì, etí nìkan ni yóò fi máa wò. Ó ti sọ fún mi pé etí òun tó. Ó tó fún akẹ́rù ọjọ́ láfún, n kò lè jiyàn ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń retí mi ní Sókótó. Mo ti di aṣọ mi, mo tún ti tú u lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi òbí sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ rí, àti ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ, kí n gba ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá mi gbọ́? Tàbí kí n dúró títí ojú ìyá mi yóò fi là, kí ẹni tó ni àga padà sórí rẹ̀? Bí ẹ bá sì mọ ọ̀nà mìíràn tí n kò rí láti ibi tí mo jókòó sí, ẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ má dúró kí n kí yín tán.