Kókó Tí Kò Fi Nǹkan Pamọ́

Òórùn òwú ọ̀rá tó ń jóná ni ó máa ń jí mi láràárọ̀ ní ilé wa ní Ore. Bàbá mi ń hun àwọ̀n fún àwọn tó ní adágún ẹja ní ìhà Omifunfun, ó sì máa ń fi òmíràn ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn wa létí omi ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ti so òwú mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì tan àbẹ́là tí yóò fi sun ìdí òwú kí ó má baà tú. Tírélà a máa kọjá lójú títì márosẹ̀, ilẹ̀ a máa mì, ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá mi kì í yẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ gbé etí títì yẹn, ẹ mọ ariwo tí mo ń wí.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ta kókó. Kókó àwọ̀n kì í ṣe eré. Wàá fà á títí yóò fi dún, wàá tún fi eyín fà á lé e. Mo tó ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà, mo sì máa ń yangàn pé kò sí ọmọ tó lè tú kókó tí mo bá ta.

Mo wà ní kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdírì nígbà tí ẹ̀gbà ọwọ́ olówùú gba ìgboro kan ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Wàá ra òwú aláwọ̀ mẹ́ta lọ́jà, wàá hun ún fún ọ̀rẹ́ rẹ, òun náà á hun tìrẹ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣófo, gbogbo kíláàsì ti mọ̀ pé kò lẹ́nìkan. Bísọ́lá ni ọ̀rẹ́ tèmi. Màmá rẹ̀ ló ń kọ́ wa ní ìṣirò. Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé wọn wá láti Ṣakí, wọn kò sì tíì pé ọdún kan láàárín wa. Bí àwọn ará ọjà bá sọ Ìkálẹ̀ sí Bísọ́lá, èmi ni mo máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Àkókò ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi hun tirẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò ilé ẹ̀kọ́. Ó jókòó tì mí gbágbáágbá. Òun ló yan àwọ̀, òun náà ló ń ka kókó bí mo ṣe ń ta wọ́n. Bí bàbá mi ṣe ń ta ti àwọ̀n ni mo ṣe ta gbogbo wọn, mo fi eyín fà wọ́n, wọ́n wá yọ gaga bí èkùrọ́ wẹ́wẹ́. Lójú tiwa, ó rẹwà. Bísọ́lá wọ̀ ọ́ lọ sílé.

Ní ọjọ́ kejì, Bísọ́lá lọ jókòó síbòmíràn. Nígbà tí ìṣirò parí, màmá rẹ̀ pè mí sí yàrá àwọn olùkọ́. Ẹ̀gbà náà wà lórí tábìlì. Wọ́n ti fi abẹ gé e wẹ́wẹ́, wọ́n sì la àwọn kókó náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí lẹ dì sínú rẹ̀?"

"Ẹ" tí wọ́n lò yẹn, kì í ṣe èmi nìkan ni wọ́n ń bá wí, pẹ̀lú bàbá mi ni. Ibà ti mú Bísọ́lá mọ́jú, àwọn kókó náà sì ti bó o lọ́rùn ọwọ́. Ní tiwọn, ońdè ni mo so mọ́ ọmọ wọn.

"Òwú lásán ni, mà."

"Òwú lásán kì í wú báyìí," ni wọ́n wí. Wọn kò jágbe rárá. "A ti gbọ́ nípa ẹ̀yin ará etí omi. Má bá ọmọ mi jókòó mọ́."

Bísọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Kí a tó jáde fún ìsinmi, ọ̀rọ̀ ti tàn ká. Ọmọ tí mo yá ní rúlà dá a padà láìlò ó. Ẹnì kan fi ìka kọ "àjẹ́" sórí eruku tábìlì mi. Mo fi apá nù ún, mo sì jókòó. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo mọ̀ pé bí orúkọ yẹn bá fi lè mọ́ mi lára, n kò ní lọ́rẹ̀ẹ́ mọ́ ní gbogbo Ore.

Mo délé, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo mú òwú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í hun òmíràn pẹ̀lú ìbínú, èyí wá le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bàbá mi ń wò mí láti ibi tó jókòó.

"Ọma mi," ni ó wí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ọmọ lédè wa, "ẹja ni kókó àwọ̀n ń bá jà. Ta ni tìrẹ fẹ́ bá jà?"

Ẹkún gbé mi mì. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé yóò dìde, yóò lọ bá wọn nílé ẹ̀kọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ó sọ èyí tó máa ń sọ: "Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fagbára mú ní í le koko." Inú bí mi sí i. Wọ́n pe ọmọ rẹ̀ ní àjẹ́, òwe ló ń pa.

Ṣùgbọ́n ó gba òwú náà lọ́wọ́ mi. Kò hun irú rẹ̀ rí, a jọ ń wá ọ̀nà rẹ̀ ni. A rí i pé òwú tí kókó ń jókòó lé gbọ́dọ̀ nà tọ́ọ́rọ́, pé òkè ni kí n máa fa èyí tó ń ta kókó, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́, kí n sì dúró níbi tó bá ti jókòó, láìfi eyín kàn án. Bí ọwọ́ mi bá fà ju ti ìṣáájú lọ, ibẹ̀ á wú, màá tú u. Mo tú mẹ́rin dànù. Ìkarùn-ún tẹ́ pẹrẹsẹ, iwájú àti ẹ̀yìn, débi pé kò síbi tí èèyàn lè fi nǹkan pamọ́ sí.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo dá nìkan lọ kan ilẹ̀kùn tíṣà, màmá Bísọ́lá. Wọ́n gba ẹ̀gbà náà, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti orí dé ìdí, wọ́n yí i padà, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n wá so ó mọ́ ọwọ́ ara wọn.

"Èmi ni n óò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Bí ó bá di ọjọ́ Jímọ̀ tí nǹkan kan kò ṣe mí, Bísọ́lá á wọ̀ ọ́."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Bí tíṣà bá wúkọ́, màá yọjú wo ọwọ́ wọn. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan orí, mo ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ní ọjọ́rú, wọn kò wá. Àwọn ọmọ kíláàsì yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wọlé lọ́jọ́bọ̀ pẹ̀lú ara líle. Àkúrẹ́ ni wọ́n lọ nítorí ìwé iṣẹ́ wọn. Ẹ̀gbà náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ẹfun ìkọ̀wé ti sọ ọ́ di funfun.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n tú u níwájú gbogbo wa, wọ́n sì so ó mọ́ ọwọ́ Bísọ́lá. "Òwú lásán ni," ni wọ́n wí. Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn débi pé mo sáré délé láìdúró.

Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ ìtàn yìí bí ẹni tó jagun tó ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n mo ti bímọ méjì báyìí, ibòmíràn ló sì ń dùn mí. Mo ti dárí ji tíṣà, ìbẹ̀rù nítorí ọmọ wọn ni ó mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n Bísọ́lá jókòó tì mí, ó ka gbogbo kókó tí mo ta. Ó mọ̀ pé n kò di nǹkan kan sínú rẹ̀. Ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí wọ́n fi pè mí ní àjẹ́, kò la ẹnu rẹ̀.

Ọmọ ọdún méjìlá tí mo jẹ́ nígbà yẹn kò bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀, ọwọ́ tí yóò so ẹ̀gbà mọ́ ni ó ń wá. Bẹ́ẹ̀ ọmọ yẹn náà ló láyà láti kan ilẹ̀kùn tíṣà. Èmi tí mo dàgbà ní nọ́ńbà Bísọ́lá lórí fóònù mi. Ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó kọjá, mo tẹ ìbéèrè náà, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo pa á rẹ́. "Kú ọjọ́ ìbí, ọ̀rẹ́ mi," ni mo fi ránṣẹ́.