Àga Onípépà Tí Mo Gbé Wá sí Zion Pepe

Àga náà wà lọ́wọ́ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sókè, nígbà tí nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro lára ògiri. Gbogbo òyìnbó tó wà nínú ilé àkójọ àga tí a wọ̀ náà yíjú sí mi. Ẹ́ńjínnìà Fọlákẹ́, obìnrin tó mú mi wá sí ìlú Dẹ́nímáàkì, fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Ó ní, "Bàbá Tìmí, ẹ ti pa mí!"

Mo ní, "Kí ni mo ṣe? Ṣebí ìdí ẹ̀ ni mo kàn ń wò."

Ẹ má tíì dá mi lẹ́bi. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni mo kọ́kọ́ kọ́ kí n tó máa kan àga. Ọ̀gá mi, Bàbá Orímisàn, kì í wo inú ọkọ̀ rárá tí wọ́n bá ní kó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Á ní ká dojú ẹ̀ délẹ̀, á fi ìka kan ìdí ẹ̀ kó, kó, kó, á sì tẹ́tí sí i. Ó máa ń sọ pé inú ọkọ̀ ni wọ́n ń kùn láti fi tan aláìmọ̀kan, pé ìdí ọkọ̀ kì í purọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ń wo ìdí ọkọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára. Àga tí mo bá rí báyìí, ìdí ẹ̀ ni mo ń wò, kódà nílé àna mi.

Ìlú tí ìjọ aládùúrà dá sílẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, létí òkun Ìlàjẹ níhìn-ín, níbi tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́, tí a jọ ń jẹun, tí ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà rìn nígboro. Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí mo gbòmìnira, mo wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Zion Pepe, níbi tí o ò ti lè lọ kí ẹni tó ń gbé lódìkejì láì wọ ọkọ̀. Àga onítìmùtìmù ńláńlá ni mo ń kàn nígbà náà, èyí tí mo máa ń gbẹ́ orí kìnnìún sí níbi ìgbọ́wọ́lé. Àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí òkun bá ti wọlé, tìmùtìmù á mu omi yó, á wú, á sì máa rùn fún oṣù mẹ́ta. Kìnnìún ò sì mọ̀ ọ́n wẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn lọ ń ra àga rọ́bà. Rọ́bà máa ń léfòó ní tiẹ̀, bí omi bá ti fà, kí o kàn lọ mú àga ẹ nílé aládùúgbò ni. Bí ọjà mi ṣe kú nìyẹn. Oníbàárà tó kù fún mi ò wá jókòó mọ́, dídùbúlẹ̀ ni wọ́n ń dùbúlẹ̀. Pósí ni mò ń kàn.

Ìgbà yẹn ni ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé tuntun sórí òpó, lókè omi. Ẹ́ńjínnìà Fọlákẹ́ ló ya àwòrán ẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ṣùgbọ́n ó ti bá wa gbé pẹ́ débi pé ó ń jẹ pùpùrù láì fojú wá ṣíbí. Ogójì àga ni yóò wọ gbọ̀ngàn náà, ó sì ní òun ò fẹ́ rọ́bà. Àga igi ló fẹ́, èyí tó fúyẹ́, tó lẹ́sẹ̀ tínínrín, tí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, irú èyí tí wọ́n ń ṣe lápá àríwá ìlú òyìnbó lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, nígbà tí bàbá mi ṣì ń wá ìyàwó. Ó ní ilé àti àga ìgbà náà, títí dòní olónìí, àwọn èèyàn ń ti ìlú jíjìn wá wò wọ́n. Ó ti rí àyè ìrìnàjò ẹ̀kọ́ gbà fún òun àti oníṣẹ́ ọwọ́ kan. Èmi ló mú.

Bàbá Alága, tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ gbọ̀ngàn, bá mi sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ayé. Wọ́n ní, "Káfíńtà, lọ, kí o sì bọ̀. Àga kan péré ni kí o kọ́kọ́ kàn. Tó bá gbé mi, ìwọ lo ni ogójì. Tí kò bá gbé mi, rọ́bà la ó rà."

Ẹ ò tíì rí Bàbá Alága ni. Bí wọ́n bá fẹ́ wọ ọkọ̀, ọkọ̀ á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí wọn ná. Mo mọ̀ pé tí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ó parí nìyẹn, n ó ti ṣọ́ọ̀bù, n ó lọ máa bá àbúrò mi ta ẹja gbígbẹ lọ́jà Mahintedo. Àbúrò mi yìí sì fẹ́ràn láti máa pàṣẹ.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ní Dẹ́nímáàkì, ilé la ń wò. Wọ́n mú wa wọ ilé ọkùnrin kan tó ti kú tipẹ́, ẹni tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ ya ilé náà àti gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Gbogbo ògiri tó kọjú sí ọgbà, gíláàsì ni. Òrùlé ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, pákó ló fi tẹ́ àjà, fìtílà rọ̀ wálẹ̀ títí dé orí tábìlì. A wo ibi ìdáná ẹ̀, a wo bẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, tí o bá wọ yàrá òkú lọ wo bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀ á bi ọ́ pé kí lò ń wá. Lọ́jọ́ kejì a dé ilé kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ igi létí òkun. Ẹ́ńjínnìà ń ya fọ́tò, ó ń mí kanlẹ̀. Mo ní, "Ẹ́ńjínnìà, ṣé ilé Zion Pepe la wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wò?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Mi ò ní purọ́ fún yín o, inú mi dùn nígbà tí mo rí i. Ohun tí àwọn ará òkè fi ń pè wá ní aláìnílẹ̀, àwọn kan ló ń tò láti wò níbí yìí.

Ọjọ́ kẹta la wá wọ ilé àkójọ àga tí mo ti sọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n to àga sórí pèpéle funfun, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́ débi pé mo fẹ́ bọ́ bàtà mi. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó fa ojú mi mọ́ra. Igi ẹ̀ ò ju ọwọ́ ọmọdé lọ, kò sí ìṣó kan níbẹ̀, orí igi kan kàn wọ inú ihò èkejì, ó sì dì í mú. Okùn ni wọ́n fi hun ibi ìjókòó. Mo wá okùn náà títí, n ò rí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, n ò rí ibi tí wọ́n parí ẹ̀ sí. Ta ni kò mọ̀ pé abẹ́ ló máa wà? Mo bá dojú ẹ̀ dé.

Ẹni tó sáré wá ni bàbá ẹ̀ṣọ́ kan, olórí ewú, tí orúnkún ń dùn. Ó ń pariwo ní èdè wọn, ó na ọwọ́ kó gba àga. Àfi bí èmi àti ẹ̀ ṣe rí i lẹ́ẹ̀kan náà: ṣìngọ́mù. Ẹnìkan ti jẹ ẹ́ tẹ́rùn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ àga olówó iyebíye yẹn, ó ti gbẹ, ojú ìka onítọ̀hún ṣì wà lára ẹ̀. Bàbá ẹ̀ṣọ́ fa ọwọ́ padà, nítorí òun ló yẹ kó ti ṣọ́ àga náà. Ó wo ṣìngọ́mù, ó wò mí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

Mo ní, "Ẹ́ńjínnìà, ẹ bá mi sọ fún un pé n ò rí nǹkan kan."

"Bàbá Tìmí!"

"Ẹ sáà sọ fún un. Kí ẹ fi kún un pé tí n bá ráyè wo ìdí àga yìí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, n ò tún ní rí nǹkan kan mọ́ láyé."

Ó sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá náà kọ́kọ́ di ojú rẹ̀ le, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu ẹ̀, ó fi ikọ́ bò ó. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ẹ̀ dé, ó sọ fún wọn pé okùn àga ló fẹ́ tú, pé àlejò láti Nàìjíríà ló tètè rí i. Irọ́ gbáà! Mo kàn ń mi orí bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó mú wa lọ sọ́dọ̀ àbúrò ẹ̀ obìnrin, tó ń hun ìjókòó àga lẹ́yìnkùlé ilé ẹ̀. Obìnrin náà kọ́ mi ní ọjọ́ méjì, ó sì fún mi ní ìdì okùn ńlá kan. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé pépà ni wọ́n lọ́ di okùn yẹn. Mo ní, "Pépà?" Ó ní pépà ni, pé ó lè lo àádọ́ta ọdún. Mo kó agbádá mi sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kí okùn náà lè ráyè nínú báàgì.

Nígbà tí mo délé, mo gé igi ọ̀pẹ̀pẹ̀, mo fá a, mo fi sánpépà ra á títí ó fi ń dán. Ìyàwó mi, Ìyá Tìmí, tó jẹ́ pé àwọ̀n ló ń hun láti kékeré, wọ ṣọ́ọ̀bù níbi tí mo ti ń hun ìjókòó lọ. Ó fi ìka pa okùn náà.

"Bàbá Tìmí, kí nìyí?"

"Okùn ni."

"Mo rí i pé okùn ni. Kí ni wọ́n fi ṣe é?"

Mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Pépà."

Kò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá ibì kan jókòó ná, ó wá rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. "Ẹ gbé pépà kọjá òkun, ẹ gbé e wá sórí omi? Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ?"

Mo ní wọ́n ti ń lò ó tipẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ṣé òkun máa ń wọ yàrá wọn ni?" Inú bí mi. Mo ní kó lọ tún àwọ̀n ẹ̀ ṣe, pé iṣẹ́ ọnà kì í ṣe iṣẹ́ ẹja. Ó fi mí sílẹ̀. Mo bá iṣẹ́ mi lọ, mo ń fi ìmú kọrin.

Ìgbà òjò ni. Àga náà lo ọjọ́ mẹ́rin nínú gbọ̀ngàn tí kò tíì ní fèrèsé, kùrukùru òkun ń wọlé, ó ń jáde. Lọ́jọ́ ìdánwò, Bàbá Alága rọra jókòó. Àga gbé wọn! Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, Ẹ́ńjínnìà ń ya fọ́tò, èmi náà gbé àyà sókè. Bàbá Alága bá ní kí a gbàdúrà. Àdúrà wọn kì í kúrú. Bí wọ́n ṣe ń gòkè lọ nínú àdúrà, bẹ́ẹ̀ ni ìdí wọn ń rẹlẹ̀. Mo la ojú kan, mo rí i, mo tún yára pa á dé. Nígbà tí a máa fi ṣe àmín, orúnkún wọn ti kan àgbọ̀n, wọ́n há sínú igi. Ọkùnrin mẹ́rin ló fà wọ́n yọ.

Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ lọ ra rọ́bà!"

Bàbá Alága gbọn aṣọ wọn. "Káfíńtà, ṣé o fẹ́ fi mí ṣe ìjókòó ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Ẹ dákun, sà, ẹ wo igi náà, kò sán, kò yẹ̀. Okùn ló tàn mí." Wọ́n wo igi, wọ́n rí i pé òótọ́ ni. Wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan péré.

Ojú tì mí débi pé n ò lè jẹun. Gbogbo ẹni tó wa ọkọ̀ kọjá lẹ́yìn ilé mi ló ń ṣe àmín. Mo wọlé lọ bá Ìyá Tìmí, mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, mo ní àwọ̀n tó ń hun yìí mà dáa o. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Mo ti wọn àga yín láti àná. Okùn ọ̀rá tí a fi ń fa àwọ̀n ńlá ni n ó lò. Ṣùgbọ́n ẹnu yín lẹ ó fi sọ fún Bàbá Alága pé ta ló hun ún." Mo ní mo ti gbà. Nínú ikùn mi, mo ní ká ṣì máa wò ó.

Mo kọ́ ọ bí àwọn ará Dẹ́nímáàkì ṣe ń hun ún. Ó hun ìlà méjì, ó tú u. Ó ní ọ̀nà yẹn ò mọ ẹrù. Kókó tí wọ́n ń ta síbi ikùn àwọ̀n, níbi tí ẹja máa ń pọ̀ sí jù, ni òun ta. Omi tó bá bọ́ sórí ẹ̀, abẹ́ ló ń gbà jáde.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, Bàbá Alága ní kí wọ́n kọ́kọ́ da korobá omi kan lé àga náà lórí. Wọ́n ní kí àgbà méjì jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni àwọn fúnra wọn jókòó, wọ́n di èjìká akọ̀wé mú. Wọ́n ní lọ́tẹ̀ yìí, ẹlòmíràn ni kó gbàdúrà. Ìpàdé bẹ̀rẹ̀, ó gùn, ọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣe, a gbọ́ ohùn kan. Bàbá Alága ti sùn lọ lórí àga, wọ́n ń hanrun. Kò sẹ́ni tó jí wọn. Èmi gan-an fẹ́ sunkún.

Nígbà tí wọ́n lajú, wọ́n fọwọ́ pa ìdí àga. "Káfíńtà, ta ló hun èyí?"

Mo wo ẹ̀yìn. Ìyá Tìmí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹ rí i, ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ní Dẹ́nímáàkì..."

Ìyá Tìmí húkọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

"Ìyá Tìmí ni, sà."

Ariwo gba gbọ̀ngàn. Bàbá Alága gbé ọwọ́ sókè. "Ìyá Tìmí, ogójì àga la fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Wá káfíńtà kan tí yóò máa bá ọ gbẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀."

Obìnrin yìí wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni ń yan ẹja lójú ọjà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ọ̀kan wà nílé, sà. N ó kọ́kọ́ dán an wò ná."

Ọdún mẹ́ta rèé. A ti kan ogójì náà, a ti kan òmíràn fún ìlú Oríòkè-Ìwàmímọ́, ṣọ́ọ̀bù Ìyá Tìmí ni gbogbo ayé sì ń pè é báyìí. Ó dùn mí díẹ̀, irọ́ ni n ó pa tí n bá ní kò dùn mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi í pé báwo ni ìdánwò mi, ṣé mo ti yege? Ó ní òun ṣì ń wò ó.