Ojú Àmọ̀kẹ́ Lórí Kàlẹ́ńdà Ẹgbẹ́ Akọrin

Àmọ̀kẹ́ kì í gba ìpè láìkọ́kọ́ wọ awò ojú. Ó yẹ kí ẹ mọ èyí ṣáájú ohun gbogbo. Fóònù lè dún títí kó dákẹ́, yóò ṣì máa wá awò lábẹ́ aṣọ tó ń rán. Ó ní òun kì í gbọ́ràn dáadáa bí òun ò bá ríran.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọkọ ló gbé e wá sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tó ti ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé láti bí ogójì ọdún. Ẹ̀yìn ń dùn ún, orúnkún ń dùn ún, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì ń kérora ju òun alára lọ. Ohun kan ṣoṣo tó fi ń yangàn láyé ni pé nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, ó kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ya àwòrán kan nígbà náà: aṣọ akọrin lọ́rùn, irun dídì, ẹ̀rín tó fi èjí hàn. Kò ní òmíràn.

Lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ tó kọjá, ọmọ rẹ̀, Olúwafèyíkẹ́mi, gbé àwòrán náà sórí fesibúùkù. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ojúewé kan, tí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa fi bí àwọn gbajúmọ̀ ṣe rí nígbà èwe han aráyé lọ, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Rose, òṣèré orí tẹlifíṣọ̀n tí tọmọdé-tàgbà mọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé: "Rose àná, Rose òní." Ogójì ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló tẹ láìkì.

Ọmọ ń ka ohun táwọn ènìyàn kọ sábẹ́ rẹ̀, Àmọ̀kẹ́ ń gbọ́.

"Mọ́mì, ẹni yìí ní, 'Ẹ wo arẹwà!'"

"Ọlọ́run á bù kún un."

"Èyí ní, 'Owó dé, ẹwà lọ. Ẹ wo bó ṣe dà báyìí.'"

"Èmi ló ń bá wí ni àbí Rose?"

"Rose ni, Mọ́mì."

"Ọlọ́run á bù kún òun náà."

Ọmọ kọ̀wé síbẹ̀ pé ìyá òun ló wà nínú àwòrán. Ẹnìkan fèsì pé ìyá tòun náà ni.

Ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ akọrin Ògbómọ̀ṣọ́ náà fẹ́ ṣe ayẹyẹ àádọ́ta ọdún. Wọ́n fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà tí àwòrán ìgbà èwe àwọn akọrin àtijọ́ yóò wà lórí rẹ̀, kí ọmọ-ọmọ lè mọ ẹni tó kọrin. Àmọ̀kẹ́ fi tirẹ̀ ránṣẹ́ kíá. Ọlọ́runtóbi, akọ̀wé ẹgbẹ́, pè é.

"Ẹ káàsán, Mama. Ẹ jọ̀ọ́, àwòrán tiyín la ní kí ẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe ti òṣèré."

"Tèmi ni."

"Ẹ má bínú, Mama. Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́fà mọ ẹni yẹn."

Lọ́jọ́ kejì, Àmọ̀kẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó di ògidì àwòrán náà sínú ọ̀rá. Ọlọ́runtóbi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì ránṣẹ́ pe Mátíù, àgbà akọrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àmọ̀kẹ́ fún odidi ọdún mẹ́ta. Mátíù wo àwòrán, ó tún un wò.

"Háà! Rose rèé! Mo sọ fún ìyàwó mi pé èmi àti ọmọ yìí jọ kọrin!"

"Mátíù, èmi nìyẹn."

"Àmọ̀kẹ́, mo mọ̀ ẹ́ dáadáa. Ìwọ sanra díẹ̀."

"Ṣebí ìwọ lo máa ń ṣáájú orin, tí mo máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ kí o lè dúró de àwa yòókù?"

"Rose ni! Ẹsẹ̀ náà ṣì ń dùn mí."

Àmọ̀kẹ́ jókòó, ó ní kí wọ́n fún òun lómi.

Olóòótọ́ ni Ọlọ́runtóbi, kò fẹ́ ṣèèṣì. Ó kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ Rose fúnra rẹ̀. Ọjọ́ kẹta, Rose fèsì pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́, àti pé òun rántí ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán náà: oòrùn mú gan-an.

Bí wọ́n ṣe tẹ kàlẹ́ńdà nìyẹn. Rose ló wà láàárín gbùngbùn. Wọn ò sì gbàgbé Àmọ̀kẹ́. Wọ́n ti fi fóònù ya á níbi tó ti ń mumi lọ́jọ́ náà, wọ́n fi sí igun ìsàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ìyá Àmọ̀kẹ́, alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́."

Ó gbé kàlẹ́ńdà náà kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, Safurat, oníbàárà rẹ̀ kan, wá gba yunifọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Mama, wọ́n ní akọrin ni yín tẹ́lẹ̀. Níbo lẹ wà níbí?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ láìkì lórí fóònù, ibo ni kí Àmọ̀kẹ́ na ìka sí?