Ọ̀jìjí Inú Báàfù
Ìyá bàbá mi ní Ìbàfò kì í fọwọ́ kan ẹja láìkọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Nígbà tí apá ọ̀tún rẹ̀ kú, tí iná jó o tí kò mọ̀, ó ní kí wọ́n gbé ọ̀jìjí wá láti odò Ògùn.

Nínú báàfù omi tí wọ́n fi í sí, awọ ẹja náà rí bí ti òkú, ojú rẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́, ó sì máa ń gbé ènìyàn bí iná mànàmáná.

"Ìyá, ẹ má kàn án!" Ẹ̀rù bà mí, ojú sì ń tì mí pé ó bà mí.

"Akọ̀wé yunifásítì, dúró lọ́hùn-ún kí o máa gbọ̀n."

Ó kí ẹja náà, ó fọwọ́ òsì gbé apá tó kú bọ inú báàfù. Ara rẹ̀ gbọ̀n rìrì.

"Ó ń dùn mí!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Apá yìí ń dùn mí!"

Mo dọ̀bálẹ̀. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá fún un ni, tàbí fún ẹja náà.