Ife Mílíìkì Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Gbà

Mílíìkì hó dànù lórí sítóòfù ọmọ mi láàárọ̀ yìí. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, ọmọ mi ń wá aṣọ ìnulẹ̀ kiri, èmi sì jókòó, mò ń dá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, bí ẹ bá rí àgbà tó ń dá rẹ́rìn-ín, ẹ má tíì pe dókítà. Nǹkan ló rántí.

Láàárín àwọn ọdún 1980 ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, Chicago níbí ni wọ́n sì bí mi sí. Àdúgbò West Ridge là ń gbé, lókè ṣọ́ọ̀bù ará Íńdíà kan tó ń ta èlò ọbẹ̀, débi pé kóòtù wa ń rùn kọ́rì wọ kíláàsì. Bàbá mi ń wa takisí, ó tún ń kàwé. Màmá mi ń tọ́jú àwọn arúgbó. Inú ilé yẹn ni Mojísọ́lá wá bá wa, ẹ̀gbọ́n mi ọmọ ìyá ọmọ bàbá, tí n kò rí rí. Ọmọ ọdún méjìlá ni. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, ní abúlé kan lẹ́yìn Oǹdó, ni àwọn òbí wa fi í sí nígbà tí wọ́n ń bọ̀.

Kí n má purọ́, ojú tì mí. Bí tíṣà bá bi í ní nǹkan, á dorí kodò, á máa wo bàtà. Oṣù mẹ́ta gbáko, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohùn rẹ̀ níléèwé. Tíṣà wá kọ̀wé sílé pé bóyá ọpọlọ rẹ̀ ò pé tó. Bàbá mi, tí kì í pariwo, ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní bí kò bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gba ìsinmi Àjíǹde, òun á dá a padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ò fi aṣọ kọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù mọ́. Inú àpótí ló ń ká a padà sí. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń dì mí nírun, òun ló ń pa àlọ́ fún mi lórí ibùsùn, mi ò sì fẹ́ kó lọ rárá.

Ní Sátidé kan, màmá mi kó wa lọ wo fíìmù ọ̀fẹ́ nílé ìkàwé. Fíìmù àtijọ́ àwọn Faransé ni, dúdú àti funfun. Wọ́n rí ọmọkùnrin kan nínú igbó, tó ń fi tọwọ́ tẹsẹ̀ sáré, tí kò gbédè kankan. Dókítà kan mú un sílé, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ bàtà àti bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí ọmọ náà bá fẹ́ mílíìkì, dókítà á gbé e dání, ó di ìgbà tí ọmọ náà bá pe orúkọ mílíìkì kó tó fún un. Màmá mi ń ka Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ fíìmù, ó ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi létí, àwọn òyìnbó iwájú ń yíjú wò wá. Nígbà tí ọmọ náà dúró lójú fèrèsé tó ń wo igbó lọ́ọ̀ọ́kán, omi ń bọ́ lójú Mojísọ́lá. Èmi ò ráyè ti ọmọ náà. Dókítà ni mò ń wò.

Bó ṣe di Mọ́ńdè, mo di dókítà. Mo ya màlúù sórí páálí, mo kọ MILK sábẹ́ rẹ̀. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbé páálí, mo fi òsì gbé ife mílíìkì.

"Móji, say milk."

Ó wò mí.

"Say it, Móji!"

Ó káwọ́ sẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́rin la fi ṣe é, kò gba ife, kò sì sọ̀rọ̀. Olórí kunkun! Inú bí mi débi pé mo sunkún, nítorí mo mọ̀ pé Àjíǹde ń bọ̀.

Ní Tọ́sìdè, màmá mi ti shift dé, ó bá wa lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ohun tó dé.

"Màmá, mo mọ̀ pé mílíìkì ni. Láti kíláàsì kejì ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ni, ọwọ́ òsì ló fi ń nà án sí mi, ó tún ń pe orúkọ mi gbàgà. Mo ń dúró kó yí ọwọ́ padà. Ọjọ́ mẹ́rin ni èmi náà ti ń kọ́ ọ."

Màmá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi í pé, "Tíṣà wá ńkọ́?"

"Àgbà ni wọ́n. Ìyá àgbà ní ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú kòrókòró, tó tún ń fèsì, àbíìkọ́ ni."

Lọ́jọ́ kejì, màmá mi tẹ̀ lé wa lọ síléèwé. Lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó ní, "Níbí, wíwo ojú wọn ni ọ̀wọ̀. Tó o bá délé, máa wolẹ̀ rẹ." Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè díẹ̀díẹ̀. "Good morning, ma," ló wí. "I have been hearing you, ma." Tíṣà jókòó, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, aṣọ padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà." Ó mu ún tán pátápátá.

Ṣọ́ọ̀bù ará Íńdíà yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń na ọwọ́ tó bá yá sí mi, bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Grandma, it's just a hand." Mi ò bá wọn jà púpọ̀, èmi tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi ti di ọ̀gá nọ́ọ̀sì, Richton Park, lẹ́yìn Chicago, ló ń gbé. Nígbà tí mo lọ kí i ní Sọ́ńdè tó kọjá, mo kúnlẹ̀, orúnkún mi ń ké. Ó gbé ife mílíìkì gbígbóná sókè, kò jẹ́ kí ọwọ́ mi tó o.

"Kí nìyí? Pe orúkọ rẹ̀ ná."

"Mílíìkì ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á.